Ẹ Jẹ́ Ká Gbé Òfin Ẹran Hárámù Dé Igbó Ọ̀yọ́-Ilé

Sí ẹ̀yin alága àti ọmọ ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìrìn-àjò hájì ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Ògùn, Èkó, Oǹdó, Èkìtì àti Kwara, àti sí ẹ̀yin baba wa, lẹ́mọ́ọ̀mù àti ààfáà ilẹ̀ Yorùbá,

Jẹ́dà ni mo ti ń kọ̀wé yìí, ìlú èbúté tí ọ̀pọ̀ èèyàn wa ń gbà wọ ilẹ̀ mímọ́, tí wọ́n sì ń gbà padà sílé.

N kò bá ọ̀rọ̀ àgọ́ Mínà wá, bẹ́ẹ̀ ni n kò bá ti oúnjẹ tàbí ti ọkọ̀ òfuurufú tó pẹ́ kó tó gbéra wá. Àwọn tó ń kọ̀wé sí yín lórí ìyẹn pọ̀ lọ́dọọdún. Ọ̀rọ̀ ẹran ìgbẹ́ ni tèmi. Ó lè ya àwọn kan nínú yín lẹ́nu pé ẹni tó ń gbé nítòsí Mọ́kà ń kọ lẹ́tà nípa àgbọ̀nrín àti ẹkùn, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ẹ ń kó wa wá yìí gan-an ni òfin ti ń dáàbò bo ẹran ìgbẹ́ inú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dá igbó ọba kankan sílẹ̀ nílẹ̀ wa. A ń wọ inú òfin náà pẹ̀lú aṣọ funfun wa, a ń pa á mọ́ fún ọjọ́ díẹ̀, nígbà tí a bá sì bọ́ aṣọ ọ̀hún, a ń bọ́ òfin náà mọ́ ọn. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn.

Ẹ wo àwọn ẹyẹlé tó wà lápá Misfalah, nítòsí Mọ́sálásí Hárámù. Àwọn tó ń ta ọkà jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú àpò kéékèèké níwájú wọn. Alájà wa kan á ra ẹyọ kan, á da ọkà sílẹ̀, ẹyẹlé á sì ya bo ilẹ̀ débi pé kò ní rí ibi tí yóò gbé ẹsẹ̀ lé mọ́. Á dúró gbọnin. Á rọra máa fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ wá àyè, kó má baà tẹ ìyẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Bí ẹ bá bi í pé kí ló dé, á ní ẹyẹ ilé Ọlọ́hun ni, wọn kì í fọwọ́ kàn án. Òótọ́ ló sọ. Àwọn Sàhábà Ànọ́bì dá a lẹ́jọ́ pé ẹni tó bá pa ẹyẹlé kan ṣoṣo nínú Hárámù, ìyẹn ilẹ̀ mímọ́ tó yí Mọ́kà ká, àgùntàn kan ni yóò fi tanràn. Èṣú pàápàá, àwọn onímọ̀ ní ẹni tó bá pa á nínú ihrámù, ìyẹn ipò arìnrìn-àjò tó ti gbé aṣọ funfun yẹn wọ̀, yóò fi oúnjẹ díẹ̀ ṣe sàárà.

Súrátù Máídà ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà wà. Láti ààyà 94 dé 96, Ọlọ́hun ń sọ fún àwọn onígbàgbọ́ pé òun yóò fi ẹran ìgbẹ́ tí ọwọ́ wọn àti ọ̀kọ̀ wọn lè tó dán wọn wò, kí ó lè hàn ẹni tó ń bẹ̀rù òun níkọ̀kọ̀. Lẹ́yìn náà ló wá ṣe é léèwọ̀ fún ẹni tó wà nínú ihrámù láti pa ẹran ìgbẹ́. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ pa á, olódodo méjì ni yóò ṣèdájọ́ ẹran ọ̀sìn tó dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀ tí yóò fi tanràn, tàbí kí ó bọ́ àwọn tálákà, tàbí kí ó gbààwẹ̀ dípò. Ẹran inú omi nìkan ló kù fún un.

Èyí jẹ́ ti ẹni tó wà nínú ihrámù. Ti ilẹ̀ Hárámù fúnra rẹ̀ tún wà lọ́tọ̀, ó sì kan ẹni tó wọ ihrámù àti ẹni tí kò wọ̀ ọ́. Ẹ mọ ààlà rẹ̀: Taním, Jìráná, Hudaibíyà àti àwọn òpó tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ yíká. Mínà àti Músídálífà wà nínú rẹ̀, Árááfà wà lóde. Lọ́dún 630, nígbà tí Ọlọ́hun ṣí Mọ́kà fún Ànọ́bì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ó kéde pé wọn kò gbọdọ̀ gé ẹ̀gún ilẹ̀ yìí, wọn kò sì gbọdọ̀ lé ẹran ìgbẹ́ rẹ̀. Lílé lásán ni o, pípa kọ́. Ikrimah, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ àtijọ́, ṣàlàyé pé ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé o kò gbọdọ̀ lé ẹran kúrò lábẹ́ òjìji kí ìwọ fúnra rẹ lè jókòó síbẹ̀.

Abbas, arákùnrin bàbá Ànọ́bì, wá bẹ̀bẹ̀ lọ́jọ́ náà pé kí wọ́n yọ koríko kan tí wọ́n ń pè ní idhkhir sílẹ̀, torí àwọn alágbẹ̀dẹ ń lò ó, àwọn ará ìlú sì ń lò ó sí ilé àti sí sàréè. Ànọ́bì gbà, ó yọ ọ́ sílẹ̀. Mo fẹ́ràn ibi tí ọ̀rọ̀ dé yìí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Òfin tó le tó bẹ́ẹ̀, ó ṣì gbọ́ ohùn ẹni tó fẹ́ bo òrùlé rẹ̀. Ẹ fi í sọ́kàn, torí n ó padà sórí rẹ̀ nígbà tí mo bá dé ọ̀dọ̀ àwọn ará ìlú tó yí igbó wa ká.

Ṣùgbọ́n lóde Hárámù ńkọ́? Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà fún wa. Nígbà tí epo rọ̀bì sọ ilẹ̀ yìí di ọlọ́rọ̀, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àti ìbọn ayé òde òní wọ aṣálẹ̀. Ẹran tó jẹ́ pé ràkúnmí ni wọ́n fi ń lé e tẹ́lẹ̀, tó sì máa ń rí ọ̀nà sá lọ, kò rí ibi sá sí mọ́. Ògòǹgò ilẹ̀ Lárúbáwá run pátápátá, kò sí ọ̀kan láyé mọ́. Ẹranko funfun báláú tí wọ́n ń pè ní oryx, tí ìwo rẹ̀ méjèèjì gùn gbọọrọ bí ọ̀kọ̀, ìyẹn náà tán nínú igbó lọ́dún 1972. Ẹkùn ilẹ̀ Lárúbáwá, tó kéré jù nínú gbogbo ẹkùn ayé, tó ń gbé lórí àwọn òkè tó ti Táífù lọ sí gúúsù, ó ṣẹ́ ku ìwọ̀nba táṣẹ́rẹ́. Àwọn tó ń ṣe ìwádìí sọ pé èyí tó kù nínú igbó ní gbogbo ayé kò tó igba (200).

Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó pa wọ́n, ẹ̀yin baba mi. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ṣe hájì. Wọ́n pa òfin mọ́ nínú ààlà Hárámù, wọ́n sì pa ẹran run lẹ́yìn ààlà náà.

Àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí rí i pé àṣìṣe ńlá ló ṣẹlẹ̀, wọ́n sì wá nǹkan ṣe sí i. Lọ́dún 1986, wọ́n dá ibùdó ìwádìí ẹran ìgbẹ́ sílẹ̀ ní Táífù, ìlú orí òkè tí kò jìnnà sí Mọ́kà, tí àwọn ejẹ́ǹtì yín máa ń kó wa lọ ṣe sìyárà. Wọ́n wá oryx tó kù lọ́wọ́ àwọn ọba àti ní ọgbà ẹranko òkè òkun jọ, wọ́n mú wọn bímọ, wọ́n sì fi wáyà yí ilẹ̀ kan ká ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Táífù, tí wọ́n ń pè ní Mahazat as-Sayd. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 2,244 níbùú-lóòró. Lọ́dún 1990 wọ́n dá oryx padà sínú rẹ̀. Wọ́n tún kó ògòǹgò láti ilẹ̀ Áfíríkà wá síbẹ̀, dípò tiwọn tó ti parun. Lọ́dún 2011, nítorí iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí, ní Oman àti láwọn ilẹ̀ mìíràn, àjọ IUCN tó ń ka ẹranko ayé kéde pé oryx ti kúrò nínú ẹgbẹ́ àwọn tó wà nínú ewu ńlá. Nígbà náà, kò tíì sí ẹranko kan tí àjọ náà ti kà sí èyí tó parun nínú igbó tó tún padà bọ̀ sípò tó bẹ́ẹ̀. Ní ti ẹkùn, wọ́n ń mú wọn bímọ ní Táífù, ètò náà sì ti wà lọ́wọ́ àjọ ìjọba tó ń bójú tó agbègbè AlUla báyìí. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pàápàá ti ya ọjọ́ kẹwàá oṣù Kejì sọ́tọ̀ fún un lọ́dọọdún.

Gbogbo rẹ̀ kọ́ ló lọ geere. Láàárín 1999 sí 2008, ọ̀dá dá ní Mahazat as-Sayd, wáyà tó ń dáàbò bo ẹran náà ló sì ń dí wọn lọ́nà. Wọn kò lè tọ òjò lọ bí baba ńlá wọn ti máa ń ṣe. Ọ̀pọ̀ oryx àti èyí tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú àwọn ẹtu aṣálẹ̀ kú sẹ́bàá wáyà. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé bí a bá ti ra wáyà, iṣẹ́ parí. Èèyàn ló ń ṣọ́ ẹran.

Bí ẹ bá ń gun òkè Hada lọ sí Táífù, ẹ óò rí àwọn ìnàkí lẹ́bàá ọ̀nà, agbo ńlá, akọ wọn pẹ̀lú gọ̀gọ̀ eérú léjìká. Ọkọ̀ àwọn arìnrìn-àjò wa á dúró. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ á jáde lójú fèrèsé, bisikíìtì á jáde, fóònù á sì yọ síta. Ìyá ìnàkí á gbé ọmọ pọ̀n sẹ́yìn sáré sí àárín títì, láàárín ọkọ̀ tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Aláàánú ni wá, mo mọ̀, ẹni tó ń ju oúnjẹ náà sì rò pé sàárà ni òun ń ṣe. Ṣùgbọ́n ìjọba ilẹ̀ yìí ti kà á léèwọ̀, ìdí rẹ̀ sì hàn gbangba: ìnàkí tó mọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ọwọ́ èèyàn kò ní wá oúnjẹ lórí òkè mọ́, yóò máa já wọ ilé, yóò máa gé èèyàn jẹ, ọkọ̀ yóò sì máa tẹ ọmọ rẹ̀ pa. Ẹ bá mi bẹ àwọn ejẹ́ǹtì kí wọ́n má dúró síbẹ̀ mọ́.

Ẹ wá jẹ́ ká darí sílé.

Igbó ọba tí wọ́n ń pè ní Old Oyo National Park, kìlómítà 2,512 níbùú-lóòró ni. Ó fẹ̀ ju Mahazat as-Sayd lọ. Ọdún 1936 ni wọ́n ti kọ́kọ́ ya apá kan rẹ̀ sọ́tọ̀, tí wọ́n sì sọ gbogbo rẹ̀ di ti ìjọba àpapọ̀ lọ́dún 1991. Odò Ògùn ń ṣàn gba inú rẹ̀ kọjá. Òjò ń rọ̀ síbẹ̀ lọ́dọọdún, koríko ibẹ̀ ń ga ju èèyàn lọ. Ààfin àtijọ́ àwọn Aláàfin ní Ọ̀yọ́-Ilé, kí wọ́n tó kó wá sí Ọ̀yọ́ tòní, ahoro rẹ̀ ń bẹ nínú igbó náà, pẹ̀lú odi ìlú àti àpáta tí àwọn èèyàn sá pamọ́ sí nígbà ogun. Ẹfọ̀n wà níbẹ̀, àgbọ̀nrín wà níbẹ̀, ìmàdò, ìnàkí, ìjímèrè, àti oríṣiríṣi ẹyẹ. Sẹ́pẹ̀tẹ́rí, Ìgbòho, Ìgbẹ́tì, Kìṣí, Tẹdé, gbogbo wọn ló yí i ká, àwọn ìlú tí mọ́sálásí pọ̀ sí gan-an, tí àwọn alájì àti alájà ibẹ̀ kò sì lóǹkà.

Ilẹ̀ tí òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ sí ló mú ẹran tó ti tán padà wá. Ilẹ̀ tí Ọlọ́hun fún ní odò ló ń pàdánù èyí tó ní. Apẹran ń wọ igbó náà láìgbàṣẹ lóru, okùn wáyà wọn ń bẹ lẹ́bàá ibi tí ẹran ti ń mu omi, àwọn mìíràn ń kó màlúù wọ̀ ọ́, àwọn kan ń gé igi sun èédú. Àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó kò pọ̀ tó, wọ́n sì ń fi ẹ̀mí ara wọn wewu. Ẹkùn tí a fi ń ki àwọn ọba wa, tí a fi orúkọ rẹ̀ pe ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn lọ́dún 2020, mélòó nínú àwọn ọmọ wa ló lè sọ pé òun ti fojú rí i nínú igbó Yorùbá rí?

Mo mọ èsì tí àwọn kan nínú yín yóò fún mi. Ẹ óò ní ti Hárámù yàtọ̀ sí ti Sẹ́pẹ̀tẹ́rí, ẹ óò sì ka ààyà kejì nínú Súrátù Máídà kan náà fún mi, níbi tí Ọlọ́hun ti fún wa láyè láti ṣọdẹ bí a bá ti bọ́ ihrámù. Òtítọ́ ni, n kò sì ní sọ ohun tí Ọlọ́hun ṣe ní ẹ̀tọ́ di èèwọ̀ láéláé. Iṣẹ́ ọdẹ jẹ́ iṣẹ́ àwọn baba wa, ó sì mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí ewé kan sí i. Ní ààyà kẹta, Ọlọ́hun ka òkú ǹbete léèwọ̀, ó sì dárúkọ ẹran tí nǹkan fún lọ́rùn pa pẹ̀lú rẹ̀. Kí ni okùn wáyà ń ṣe, bí kò bá ṣe pé ó ń fún ẹran lọ́rùn? Ẹni tó dẹ ẹ́ lè má padà dé ibẹ̀ títí di ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta. Nígbà tó bá dé, ẹran ti kú, kò sí ọ̀bẹ, kò sí Bísímílá. Wọ́n á yan án, wọ́n á gbé e sórí àtẹ lẹ́bàá títì, mùsùlùmí kan tó fọwọ́ kan Kááàbà lọ́dún tó kọjá á sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ rẹ̀, á rà á, á gbé e délé fún ìyàwó àti ọmọ. Ta ló ti ṣe wáásì lórí ìyẹn nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ hájì? A máa ń sọ̀rọ̀ lórí ẹran ìlẹ̀yá títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹran ìgbẹ́ tí a ń jẹ láàárín ọdún, a kì í béèrè bó ṣe kú.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí ìjọba yà sọ́tọ̀ náà kò ṣàjèjì nínú ẹ̀sìn. Himá ni àwọn Lárúbáwá ń pè é. Ànọ́bì ya Naqi' sọ́tọ̀ nítòsí Mẹ̀dínà fún ẹṣin. Nígbà tí Umar di Kàlífà, ó ya Rabadha sọ́tọ̀. Ẹ wo ohun tó sọ fún ẹni tó fi ṣọ́ himá: ó ní kí ó jẹ́ kí ẹni tí ràkúnmí rẹ̀ àti àgùntàn rẹ̀ kò tó nǹkan wọlé jẹko, ṣùgbọ́n kí ó ṣọ́ra fún ẹran Uthman àti ti Abdur-Rahman ọmọ Awf, torí bí ẹran tiwọn bá kú, oko àti dàbínù wọn ṣì wà, ṣùgbọ́n tálákà yóò kó ọmọ rẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà Kàlífà. Sàhábà ńlá ni àwọn méjèèjì, ọlọ́rọ̀ sì ni wọ́n. Umar kò wojú wọn. Bí a bá ní ká ṣọ́ igbó ọba ní irú ọ̀nà yìí, ẹni tó kó màlúù rẹpẹtẹ wọ̀ ọ́, tí olówó kan wà lẹ́yìn rẹ̀ ní ìlú ńlá, òun ni a ó kọ́kọ́ dá dúró, kí a tó kan ìyá arúgbó tó wọlé wá já ewé.

Ibí ni mo ti fẹ́ padà sórí koríko Abbas. Àwọn ará ìlú tó wà lẹ́bàá igbó náà, koríko ìbolé ń bẹ tí wọ́n fẹ́, ewé àti egbò igi ń bẹ tí wọ́n fi ń ṣe oògùn, oyin ń bẹ. Bí òfin Hárámù fúnra rẹ̀ bá lè yọ koríko kan sílẹ̀ nítorí àwọn alágbẹ̀dẹ àti onílé, ẹ̀yin baba wa lè bá àwọn aláṣẹ igbó jókòó, kí ẹ ní kí wọ́n yọ èyí tó yẹ sílẹ̀, ní àkókò tó yẹ, fún ẹni tó yẹ. Ẹni tó bá rí ànfààní igbó ni yóò bá wa ṣọ́ ọ. Ohùn yín yóò wọlé níbi tí ohùn ẹ̀ṣọ́ kò ní wọ̀.

Ẹ̀bẹ̀ mi ò pọ̀. Àwọn arìnrìn-àjò máa ń wá gbẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ yín kí wọ́n tó gbéra. Ẹ ń kọ́ wọn ní tàwáfù, ní sáyì, ní bí wọ́n ṣe ń sọ òkúta. Ẹ kọ́ wọn ní ti ẹran ìgbẹ́ pẹ̀lú, kí ó má jẹ́ gbólóhùn kan tí a sáré kà lórí àwọn ohun tí ihrámù kà léèwọ̀. Ẹ ṣàlàyé ìdánwò tó wà nínú ààyà 94 fún wọn, torí igbó gan-an ni ibi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í rí èèyàn, tí ẹ̀ṣọ́ kan ṣoṣo sì ń ṣọ́ ilẹ̀ tí ó tó ọ̀pọ̀ kìlómítà. Kí wáásì jímọ̀ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, nígbà tí wọ́n bá ń dáná sungbó kiri, mẹ́nu ba ẹran tó ń jóná sínú rẹ̀ láìnídìí. Ẹ rántí hàdíísì nípa ológoṣẹ́ tí yóò fi ẹni tó pa á lásán sùn níwájú Ọlọ́hun lọ́jọ́ ìkẹyìn.

Bí ẹ sì ṣe ń fi ọkọ̀ kó wa lọ sí Táífù ká lè rí òkè àti ọgbà, ẹ kó àwọn ọmọ ilé-kéwú wa lọ sí Ọ̀yọ́-Ilé. Ọ́fíìsì igbó náà ń bẹ ní ìlú Ọ̀yọ́, wọ́n ń gba àlejò. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ọdún mẹ́wàá rí ìjímèrè lórí igi, kí ó rí ẹsẹ̀ ẹfọ̀n nínú ẹrẹ̀ létí odò Ògùn, kí ó sì gbọ́ láti ẹnu ààfáà rẹ̀ pé ẹran yìí wà nínú òfin Ọlọ́hun. Kò sí ìwé tó lè kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ hájì tó ń bọ̀ kò ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún Súrátù Máídà ní wákàtí kan nínú rẹ̀, kí ẹ sì pe ẹ̀ṣọ́ igbó ọba kan kó wá jókòó ti ààfáà tí yóò ṣe wáásì náà.

Èmi ni ọmọ yín, láti Jẹ́dà.